Oríkì Òkè Kan Tí Wọ́n Ń Kì Lábọ̀

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí eré kẹ̀kẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù mọ òkè kì. Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí àwọn eléré tó dé ìdí òkè ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀: á sọ bó ṣe ga tó, á sọ bó ṣe gùn tó, á dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé orí rẹ̀ lọ́dún ìjọsí, á tún dárúkọ ẹni tó ṣubú níbẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì bí púpọ̀ nínú wa. Bí onírárà ṣe ń kì ọba jáde láàfin ni wọ́n ṣe ń kì òkè wọnú eré. Ẹni tí ìyá àgbà bá ti kì rí láàárọ̀ kùtù kó tó lọ sílé ìwé á mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní lẹ́nu lónìí kò pọ̀. Òkè kan wà tó ń jẹ́ Montgenèvre. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kì í nínú eré kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń kì í dáadáa, àmọ́ àbọ̀ ni wọ́n ń kì. Àbọ̀ tó kù, àwọn èèyàn wa wà nínú rẹ̀.

Montgenèvre wà lórí ààlà Faransé àti Ítálì, láàrin àwọn òkè Alps. Kì í ṣe ṣóńṣó òkè o. Ibi tí òkè ti rẹlẹ̀ díẹ̀ ni, tí ọ̀nà fi ráyè kọjá láti ilẹ̀ kan bọ́ sí ìkejì. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1,850. Abúlé Claviere ló wà lẹ́nu ààlà ní ìhà Ítálì. Ní ìhà Faransé, abúlé Montgenèvre fúnra rẹ̀ ni, kí ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ̀ lọ sí ìlú Briançon. Odò méjì ló ṣẹ̀ lágbègbè ibẹ̀. Durance ṣàn lọ sí Faransé, ó lọ bá odò Rhône. Dora Riparia ṣàn lọ sí Ítálì, ó lọ bá odò Po ní Turin. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ gba ibẹ̀ la ọ̀nà wọn tí wọ́n ń pè ní Via Domitia, Napoleon náà sì la ọ̀nà tuntun síbẹ̀ nígbà tiẹ̀. Bí a bá ní ká pè é lórúkọ tó yẹ ẹ́ lédè wa, bodè ni: bodè tó wà lórí òkè. Níbi tí bodè bá sì wà, oníbodè kì í gbẹ́yìn.

Àwa tá a wà ní Calgary kò ṣàìmọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wakọ̀ kọjá Lake Louise lọ sí British Columbia á gba Kicking Horse Pass. Ààlà ìpínlẹ̀ méjì nìyẹn, pátákó tó ń kíni káàbọ̀ nìkan ni wàá sì rí. Highwood Pass tó wà ní Kananaskis ga ju Montgenèvre lọ, mítà 2,206. Láti 1 December títí di 14 June, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba ibẹ̀, torí náà bí yìnyín bá ti ń yọ́ lọ lójú títì ní ìparí May, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló máa ń ni ọ̀nà náà. Àwọn kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì máa ń lọ, wọ́n á sì máa fi fọ́tò ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti ń bọ̀. Òkè nìkan ni wọ́n ń bá wọ̀ ọ́. Ohun tó ya Montgenèvre sọ́tọ̀ nìyẹn: ó ní òkè, ó tún ní oníbodè. Ẹni tó bá ń kì í tí kò bá kan oníbodè, kò tíì kì í tán.

Nínú àwọn tó kọ̀wé lórí òkè àti kẹ̀kẹ́, ẹni tí mo gbà pé ó rí ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ni Roland Barthes, ọmọ Faransé. Nínú ìwé rẹ̀ Mythologies, tó jáde ní 1957, ó kọ àròkọ kan lórí Tour de France, ó sì kà á bí ẹni ń ka ìtàn akọni, irú èyí tí Homer sọ. Lójú rẹ̀, òkè inú eré yìí kì í ṣe òkúta lásán. Ẹni kan ni, ó ní ìwà, ó ní ìbínú. Mont Ventoux fún un dà bí òrìṣà burúkú kan tó ń gba ẹbọ. Ọmọ Yorùbá wo ni èyí máa yà lẹ́nu? A ṣáà mọ̀ pé wọ́n ń bọ Òkè'Bàdàn. A mọ̀ pé Olúmọ kì í ṣe àpáta kan ṣá. Ohun tí Barthes fi ọgbọ́n ìwé wá dé, ìyá oníṣu kan ní Abẹ́òkúta lè sọ ọ́ fún ọ láàárín kó ka owó àti kó dá ṣéńjì padà.

Àmọ́ ẹ wo irú ààlà tó ká Barthes lára. Ààlà tó rí ni èyí tó wà láàrin ayé èèyàn àti ibi tí èèyàn kò lè gbé: orí òkè tí koríko kò hù, tó dà bíi pé ẹni tó gùn ún ti kúrò láyé. Ààlà tó ní ọlọ́pàá àti ìwé ìrìnnà kọ́ ni àròkọ náà ń wá. N kò bá a jà. Ohun tó ń wò nìyẹn, ó sì wò ó yanjú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jogún ojú kan yẹn, wọ́n sì rò pé òun nìkan ni ojú tó wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan gbé yẹ̀ wò: 10 June 1949. Giro d'Italia, eré tó ń yí Ítálì po, gbéra láti Cuneo lọ sí Pinerolo lọ́jọ́ náà. Kìlómítà 254 ni, òkè márùn-ún ló sì wà lọ́nà: Maddalena, Vars, Izoard, Montgenèvre, Sestriere. Orí Maddalena ni wọ́n gbà wọ Faransé. Montgenèvre ni wọ́n gbà padà sí Ítálì. Fausto Coppi fi gbogbo wọn sílẹ̀ láti orí òkè àkọ́kọ́. Òun nìkan ló dá wa kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 192, nígbà tó sì dé Pinerolo, ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52 kọjá kí Gino Bartali tó dé.

Mario Ferretti ló ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ náà, gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́nu àwọn ará Ítálì títí di òní. Ohun tó ṣe rọrùn: kò tètè dárúkọ. Ó kọ́kọ́ sọ pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà níwájú, ó sọ àwọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó wá fi orúkọ sí i. Ẹni tó bá gbọ́ bí oníjàálá ṣe ń ṣe á mọ ọgbọ́n yẹn. O kò ní kọ́kọ́ pe ẹkùn ní ẹkùn. Wàá sọ àwọ̀ ara rẹ̀, wàá sọ bó ṣe ń rìn, ara olùgbọ́ á ti máa bù máṣọ kó o tó pe orúkọ.

Ẹnì kejì tó kì í lọ́jọ́ yẹn ni Dino Buzzati, òǹkọ̀wé tí ìwé ìròyìn Corriere della Sera rán tẹ̀ lé eré náà. Òun ló fi Coppi wé Achilles, tó fi Bartali wé Hector. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò bá ẹni tó borí jó tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ẹni tó pàdánù. Ojú àánú ló fi wo Bartali, ẹni ọdún 34, tó ń rí i kedere pé ìgbà òun ti ń lọ. Lámèyítọ́ gidi ni ìyẹn. Ìròyìn eré ni ìwé ìròyìn ní kó kọ, ọ̀rọ̀ ikú àti ọjọ́ ogbó ló kọ sínú rẹ̀.

Buzzati kì í sì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ààlà ṣàjèjì sí. Òun náà ló kọ Il deserto dei Tartari ní 1940, ìtàn ọ̀dọ́ ológun kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ odi lẹ́nu ààlà, tó ń retí ọ̀tá títí ó fi darúgbó. Ẹ wá wo ibi tí eré 1949 gbà kọjá. Òkè Chaberton dúró gàgàrà lókè Montgenèvre, mítà 3,131. Àwọn ará Ítálì kọ́ odi ogun sí orí rẹ̀, wọ́n kó ìbọn ńlá sí i, wọ́n kọjú rẹ̀ sí Briançon. Ìbọn àwọn ọmọ ogun Faransé fọ́ odi náà ní June 1940. Nígbà tí ogun parí, àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Paris ní 10 February 1947 sún ààlà, Chaberton sì di ti Faransé. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni Coppi kọjá lábẹ́ rẹ̀. Láàrin ọdún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Ítálì tí kò ríṣẹ́ ṣe ń gba àwọn òkè yìí sá wọ Faransé lóru, láìní ìwé kankan. Ohun tí wọ́n tò jọ sínú ìtàn eré náà fún ìran tó ń bọ̀ kò ju Achilles àti Hector lọ. Odi tó fọ́ àti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lóru ti já bọ́ lójú ọ̀nà.

Ẹni tó ṣa ohun tó já bọ́ náà kì í ṣe akọ̀ròyìn eré. Ní 1950, Pietro Germi gbé fíìmù kan jáde, Il cammino della speranza. Federico Fellini wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ìtàn ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n ti ibi ìwakùsà kan pa ní Sicily. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò rí nǹkan fún ọmọ jẹ mọ́. Ọkùnrin kan dé, ó ní òun lè mú wọn dé Faransé níbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí, kí wọ́n ṣáà ti san owó. Wọ́n ta ẹrù ilé, wọ́n san án. Ajẹ́ńtì náà gbìyànjú láti sá mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ọlọ́pàá mú wọn, wọ́n ní kí wọ́n padà sílé. Wọn ò padà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tí kò mọ ajẹ́ńtì yẹn? Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí padà.

Nígbà tí wọ́n dé orí òkè ààlà, ìjì yìnyín bò wọ́n, kò sì jẹ́ kí gbogbo wọn dé. Àwọn tó ṣẹ́ kù, àti ọmọdé tí wọ́n ń fà lọ́wọ́, bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà pàdé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà wò wọ́n. Wọ́n wo àwọn ọmọ náà. Wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n kọjá. Àwọn lámèyítọ́ kan kò fẹ́ràn ìparí yẹn, wọ́n ní ó ti dùn jù fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Germi kò sọ pé bí ẹ̀ṣọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó fi hàn wá pé wọ́n lè ṣe é. Pé oníbodè jẹ́ èèyàn, ó lójú, ó sì lè pinnu. Òkè kò lè pinnu. Òtútù kò lè pinnu. Nínú gbogbo ohun tó dojú kọ àwọn arìnrìnàjò náà, ẹ̀ṣọ́ nìkan ló lè sọ pé ó yá, ẹ kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé fíìmù náà kì òkè yìí pé: ó sọ bó ṣe ga, ó sọ bó ṣe tutù, ó sì sọ oníbodè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ìgbà tiwa. Ní 1 July 2024, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi Canada Day níbí, ìpele kẹta Tour de France parí ní Turin. Biniam Girmay, ọmọ Asmara ní Eritrea, ló ta gbogbo wọn yọ. Láti 1903 tí wọ́n ti ń sá eré náà, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó borí ní ìpele kan níbẹ̀. Ó tún borí lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́dún yẹn, ó sì gba aṣọ aláwọ̀ ewé lọ sílé. Ṣáájú rẹ̀, ní 2015, ọmọ Eritrea mìíràn, Daniel Teklehaimanot, ti wọ aṣọ funfun alámì róbótó pupa tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ń ṣáájú lórí òkè. Ìjọba Ítálì ló kó Eritrea lẹ́rú láti 1890 sí 1941, àwọn náà ló sì gbé eré kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Kí ọmọ Asmara wá lọ borí nínú Turin! Kò sí bí inú ọmọ Áfíríkà kò ṣe ní dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, fóònù mi kò sinmi.

Lọ́jọ́ kejì, 2 July, wọ́n gbéra láti Pinerolo lọ sí Valloire, kìlómítà 139.6. Wọ́n gun Sestriere, wọ́n gun Montgenèvre, wọ́n gun Galibier tó ga tó mítà 2,642. Tadej Pogačar ló borí. Girmay kì í ṣe ẹni òkè. Eré àsápajúdé ìparí ni tiẹ̀, torí náà ẹ̀yìn ló wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ó kọjá. Ọmọ Áfíríkà kan gba Montgenèvre láti Ítálì wọ Faransé ní ọ̀sán gangan. Àwọn èèyàn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n má jẹ́ kí ohunkóhun dí i lọ́nà.

Mo wo ìpele yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gbọ́ ọ, wọ́n sọ̀rọ̀ Girmay, wọ́n yìn ín, wọ́n sọ ìtàn ìlú rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ òkè. Wọ́n sọ̀rọ̀ odi Briançon tí Vauban yàwòrán rẹ̀, tó rẹwà lójú hẹlikópútà. Wọn kò so ọ̀rọ̀ méjì náà pọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀nà tí ọmọ Áfíríkà yìí ń gbà kọjá lọ́sàn-án, ọ̀nà kan náà ni àwọn ọmọ Áfíríkà mìíràn ń fẹsẹ̀ gbà lóru, tí wọ́n sì ń dá wọn padà.

Ìtàn ìyẹn rèé ní ṣókí. Ní 13 November 2015, Faransé dá yíyẹ ìwé wò padà sí ẹnu ààlà rẹ̀, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Àwọn tó ti la òkun kọjá dé Ítálì, tí wọ́n fẹ́ lọ bá ẹbí tàbí iṣẹ́ ní Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí òkè: àkọ́kọ́, Col de l'Échelle, láti Bardonecchia, lẹ́yìn náà, Montgenèvre, láti Claviere. Ọ̀pọ̀ lára wọn ní ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Guinea, Mali, Ivory Coast, àti Nàìjíríà tiwa. Wọ́n máa ń kúrò ní ojú títì kí ọlọ́pàá má bàa rí wọn, wọ́n á gba inú igbó àti orí yìnyín tí àwọn olówó fi ń ṣeré ní ọ̀sán.

Ní March 2018, lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ atọ́nà lórí òkè rí ìdílé kan nínú yìnyín nítòsí Montgenèvre. Ọmọ Nàìjíríà ni ìyàwó, oyún inú rẹ̀ ti gbó. Ó gbé wọn sínú ọkọ̀, ó forí lé ilé ìwòsàn Briançon. Ìrọbí mú obìnrin náà lójú ọ̀nà. Àwọn aṣọ́bodè dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n bí ọmọ náà ní ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹni tó gbé wọn pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ní May ọdún kan náà, wọ́n rí òkú ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ Nàìjíríà kan nínú odò Durance, ní ìsàlẹ̀ Briançon. Ó ti gba orí òkè yìí kọjá. Àwọn tó bá a rìn ní ọlọ́pàá ló ń lé àwọn. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí bó ṣe dénú odò. Èyí tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé odò tó ṣẹ̀ lórí Montgenèvre ló gbé e lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ara èèyàn ni mo mọ̀ ọ́n wò. Ní ìgbà òtútù Calgary, mo ti wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí yìnyín jẹ. Òtútù kò mọ eléré yàtọ̀ sí arìnrìnàjò. Bí ìgbóná ara bá ti wá sísàlẹ̀ 35°C, èèyàn á máa gbọ̀n. Bó bá tún lọ sílẹ̀ sí i, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù wà: ọkàn á dàrú, ahọ́n á wúwo, ẹlòmíràn tiẹ̀ á máa bọ́ṣọ torí ó rò pé ooru ń mú òun. Àwọn eléré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi máa ń dúró lórí òkè láti na aṣọ tàbí ìwé ìròyìn sí wọn kí wọ́n kì í bọ àyà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Dókítà wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn wọn. Ohun mímu gbígbóná ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó ń rìn lóru ní bàtà kànfáàsì tó ti rin gbingbin kò ní ìkankan nínú rẹ̀. Bí a bá sì wá sọ pé òkè yìí le, ta ló le sí? Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ kó má kú ni òkè ń dán wò. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ kó má wọlé, òkè lè pa á.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. “Nọ́ọ̀sì, eré la wá wò jàre. Má gbé òṣèlú dé ibi tá a ti ń fara nísinmi.” Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá díẹ̀. Èmi náà máa ń fi eré yìí sinmi lẹ́yìn iṣẹ́ òru. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Odi Briançon tí wọ́n ń fi hàn wá láti ojú ọ̀run, kí ni wọ́n mọ ọ́n fún bí kò ṣe láti ṣọ́ ààlà? Napoleon tí wọ́n ń dárúkọ, ta ló ń kó kọjá lórí òkè bí kò ṣe ọmọ ogun? Òṣèlú kún ẹnu wọn bámúbámú, ṣùgbọ́n èyí tó ti kú ni wọ́n ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pé igba ọdún, ó di ìtàn. Bó bá jẹ́ ti àná, wọ́n á ní kì í ṣe ibi tó yẹ ká ti sọ ọ́ nìyí.

Ibi tí oríkì tiwa ti lè kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù tó sì kọ ìwé I Could Speak Until Tomorrow ní 1991, fi hàn pé oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Oríkì a máa gbé ìtìjú, àìsàn, gbèsè àti ìjà ẹni náà wọlé pẹ̀lú iyì rẹ̀, torí gbogbo rẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tó jẹ́. Ẹni tó bá gé apá tó korò kúrò, ìpolówó ọjà ló ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń kì Montgenèvre lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn.

Ẹ sì rántí ohun tí òkè jẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní 1830, nígbà tí ogun ti tú ìlú àwọn Ẹ̀gbá ká, tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé Olúmọ, ìsáǹsá ni wọ́n. Kò sí ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí, òkúta náà gbà wọ́n, ìlú ńlá sì tibẹ̀ jáde. Nínú ìtàn tiwa, ìyìn òkè ni pé ó gba ẹni tí wọ́n ń lé. Ọmọ Yorùbá tó bá jókòó ti eré kẹ̀kẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òṣùwọ̀n yẹn wọn òkè tó bá rí: ta ló sá wá sọ́dọ̀ rẹ, báwo lo sì ṣe gbà á?

N kò ní fi gbogbo ẹjọ́ náà dá àwọn òyìnbó lẹ́bi. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwa náà ń kọ. Ìtàn jápa ti pọ̀ nílẹ̀: físà tó dé lẹ́yìn àwẹ̀, IELTS tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, fọ́tò pápákọ̀ òfurufú, òtútù àkọ́kọ́, iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà. Ìtàn àwa tá a wọ bàálù wá nìyẹn, ó sì yẹ ní sísọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn kan gba Agadez, wọ́n gba Libya, wọ́n gba òkun, wọ́n sì tún gba yìnyín. Bí wọ́n bá dé inú ìwé wa rárá, àwọn ni àpẹẹrẹ búburú tí a fi ń kìlọ̀ fún ọmọ. A kì í béèrè ohun tí wọ́n rí lójú ọ̀nà, orin tí wọ́n kọ, ẹni tó fún wọn ní tíì gbígbóná ní Briançon, níbi tí àwọn ará ìlú ti ṣí ilé sílẹ̀ fún wọn láti 2017. Àwọn tá a bá sì kì lábọ̀, a ti gbàgbé wọn lábọ̀.

Nǹkan kan yí padà ní Faransé ní 6 July 2018. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òfin ilẹ̀ náà sọ pé ìbákẹ́dùn láàrin ọmọ èèyàn, tó wà lára ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí orílẹ̀-èdè náà fi ń júwe ara rẹ̀, ní agbára òfin, àti pé ẹni tó bá ran arìnrìnàjò tó ti wọ ilẹ̀ náà lọ́wọ́ nítorí àánú kò yẹ lẹ́ni tí à ń fìyà jẹ. Kò kan ẹni tó bá mú un kọjá ààlà gan-an. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ohun tí Germi rò ní 1950 kì í ṣe àlá lásán: èèyàn ló fi òfin lélẹ̀, èèyàn sì lè wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Eré náà á tún gba Montgenèvre kọjá lọ́jọ́ kan, torí ọ̀nà rere kì í pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó padà sí i. Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sọ gíga rẹ̀. Kó dárúkọ Coppi, kó dárúkọ Girmay, kó fi odi Vauban hàn wá. Lẹ́yìn náà, kó fi gbólóhùn kan péré kún un: pé àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí lóru, pé àwọn kan kò dé ìsàlẹ̀, pé wọ́n bí ọmọ kan ní Briançon torí ẹnì kan dúró. Kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Àwọn eléré kò tíì ní gun òkè náà dé ìdajì nígbà tó bá máa fi sọ ọ́ tán.